Ìyá Ìsọkùn Lọ Gba Iná

Èmi ni mo tẹ̀lé Ìyá Ìsọkùn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lọ síbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ọ̀rẹ́ ìdílé wa kan ní Iléṣà. Èbúté Apápá ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì wálé. A ti jẹyán yó, à ń retí ẹ̀bùn.

Nígbà tó kan ká pe ọlọ́jọ́ ìbí jáde, MC da gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀: "The leading light of Ijesaland!" Ó rí i pé àwọn ìyá àgbà kàn ń wo òun, ló bá túmọ̀ ẹ̀ fún wọn: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹni yìí ni iná tó ń ṣíwájú gbogbo Ìjẹ̀ṣà!" Ó tún fi oríkì lé e: "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko!" Onígángan náà gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá Ìsọkùn gbórí sókè. "Òun ló ni iná?"

Kẹ́ ẹ tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ohun tójú wọn ti rí. Ẹja dídì ni wọ́n ń tà. Látìgbà tí tiransifọ́mà àdúgbò wọn ti jó, fíríìsà ti di àpótí aṣọ. Ibi tí pánlá máa ń wà, òfì ni wọ́n kó síbẹ̀, pẹ̀lú káńfọ̀, síbẹ̀ òfì ń rùn pánlá. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Tiransifọ́mà jó, bíìlì ò jó. Oṣooṣù ló ń dé.

Wọ́n ní ká wá náwó fún bàbá. Ìyá Ìsọkùn dìde, wọ́n rìn dé iwájú, wọ́n tú etí ìró. Bíìlì iná ni wọ́n fà yọ. Wọ́n bá lóṣòó.

Bàbá fò dìde. "Háà, Màmá! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ!"

"Mi ò kúnlẹ̀. Òṣó ni mo ló, títí n ó fi gba iná mi."

MC rò pé àdúrà ni, ó ti gbé maikirofóònù sí wọn lẹ́nu. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Àwọn àgbà tó mọ bí òṣómàáló ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n.

Bàbá, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣàlàyé. Ó ní ojú omi lorúkọ "leading light" tí MC pe òun yẹn ti wá. Iná méjì ni wọ́n ń gbé sí èbúté, ti iwájú wà nísàlẹ̀, ti ẹ̀yìn ga jù ú lọ. Bí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi bá rí i tí ọ̀kan dúró gangan lórí èkejì, ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà lòun wà, òun ò ní gun iyanrìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un pe ẹni tí èèyàn ń wò ṣe àwòkọ́ṣe.

Ìyá Ìsọkùn gbọ́ ọ tán. "Ẹja tó ṣì wà láàyè, iná méjì. Tèmi tó ti kú, kò ní ẹyọ kan."

Àwọn ọmọ bàbá ló fi ẹ̀bẹ̀ gbé wọn dìde. Wọ́n fún wọn lẹ́bùn ṣáájú gbogbo wa: làǹtánì kan báyìí tí fọ́tò bàbá wà lára ẹ̀, tòun ti wáyà. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò tàn.

"Ẹ máa kọ́kọ́ fi sí iná ni, Màmá."

Ìyá Ìsọkùn wo ọmọ náà. Wọ́n wo bàbá. Wọ́n bá tún lóṣòó.