Ṣé O Máa Lè Jẹ Ẹ́ Nílé Ìyá Ẹ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àkúrẹ́.

Àbúrò mi obìnrin tún ti ra ohun mìíràn tó fẹ́ fi dín sísanra kù. Lọ́tẹ̀ yìí, tíì ni, èyí tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Mo ka ara páálí rẹ̀, mo rí senna níbẹ̀. Oògùn tó ń múni yàgbẹ́ ni senna. Ìfun ńlá ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Kí oúnjẹ sì tó dé ibẹ̀, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sára. Omi àti ìgbẹ́ lèèyàn ń yà dànù, ọ̀rá jókòó sáyè rẹ̀. Mo ṣàlàyé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tẹ́ ẹ máa ń gbà gbọ́."

Kó tó kan tíì, keto ni, ìyẹn ètò oúnjẹ tó ń sá fún sítáàṣì àti ṣúgà, tó sì gbára lé ọ̀rá. Iyán di èèwọ̀, ẹ̀bà di èèwọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ò yọ. Nílùú Àkúrẹ́ níbí o! Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ló gbé keto jáde ní nǹkan bí 1921, wárápá ni wọ́n fi ń tọ́jú. Ìwọ̀n àbúrò mi kọ́kọ́ já wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù níbẹ̀: ara máa ń fi omi ti ṣúgà tó kó pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Bí ṣúgà yẹn bá tán, omi á bá a lọ. Ìgbà tó padà sídìí iyán, omi náà padà.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi àwọn tó ń ṣe irú èyí kí wọ́n lè dín sísanra kù: ṣé o máa lè jẹ báyìí nílé ìyá ẹ, lọ́dún tó ń bọ̀?

Èmi ò kọ iyán. Mo bù ú kéré, mo bu ẹ̀fọ́ lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó gírámù 400 lójúmọ́, ó kéré tán (iṣu ò sí nínú ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ dọ́gbọ́n). Ẹni tó bá ń ná tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ní Ọjà Ọba mọ̀ pé ìyẹn ò le. Epo ló le. Gírámù kan ọ̀rá, kálórì 9. Gírámù kan sítáàṣì, 4. Síbẹ̀ iyán là ń bá jà, ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ ń wò wá níran.

Àsun ńkọ́? Ọmọ Oǹdó tó bá ní òun ti jáwọ́ nínú àsun, irọ́ ló ń pa. Mo máa ń jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, mi ò sì ka kálórì kankan níbẹ̀.