Ẹ̀kọ́ tí sukútà kọ́ mi: ẹ wo bẹ́líìtì kí ẹ tó dá kílọ́ọ̀ṣì lẹ́bi

Bí sukútà aláìníjíà (èyí tí a kì í fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yí jíà rẹ̀) ò bá sáré mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Mo ti kọ́ pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ló wà lábẹ́ ìdérí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì: variator níwájú, kílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn. Bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀.

Variator jókòó sórí kiráńkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwo irin méjì tó kọjú síra ni, bẹ́líìtì wà láàárín wọn, rólà, àwọn òṣùwọ̀n kéékèèké roboto (mẹ́fà ló sábà máa ń jẹ́), sì wà lẹ́yìn èyí tó lè sún. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni rólà ń sá lọ sí etí, tí wọ́n ń ti àwo kan mọ́ èkejì. Àyè á fún, bẹ́líìtì á gòkè níwájú. Bẹ́líìtì kì í nà, nítorí náà ó di dandan kó rì wọlé lẹ́yìn, kó fi tipátipá ya púlì ibẹ̀ (àwo méjì mìíràn tó gbá bẹ́líìtì mú), bí sípíríǹgì ńlá tilẹ̀ dì í mú. Jíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ nìyẹn.

Ti kílọ́ọ̀ṣì ò le. Bó bá yí dé ìwọ̀n kan, ṣúù rẹ̀ á ṣí síta, wọ́n á gbá agogo irin tó yí wọn ká mú, táyà á gbéra.

Nítorí náà, bó bá ń gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra, ẹ wo ṣúù: ó ti lè máa dán bíi dígí, ẹ fi sáńpépà ha á díẹ̀. Bó bá ń rìn fúnra rẹ̀ láìyí tọ́rọ́tù, ẹ kọ́kọ́ dín ìyípo ẹ́ńjìnnì kù, lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn sípíríǹgì kékeré tó ń fa ṣúù padà. Ṣùgbọ́n bó bá gbéra dáadáa tí kò wá lè sáré tó ti tẹ́lẹ̀, rólà ti pẹlẹbẹ lápá kan, tàbí bẹ́líìtì ti tín-ín-rín. Ìbú bẹ́líìtì ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ fi wé iye tó wà nínú ìwé sukútà náà. Ojú lásán máa ń tanni.

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ rólà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà. Èyí tó fúyẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ké sókè kí jíà tó yí. Èyí tó wúwo máa ń mú kó lọ́ra láti gbéra.

Ibi tí wọ́n ti ń ba kiráńkì jẹ́ gan-an ni ìgbà tí wọ́n bá ń dì í padà. Ẹ fi ọwọ́ ya púlì ẹ̀yìn, kí ẹ ti bẹ́líìtì wọ inú rẹ̀ jinlẹ̀, kó lè dẹ̀ níwájú. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwo iwájú á há bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, nọ́ọ̀tì á dà bí ẹni pé ó ti le. Ẹ́ńjìnnì á yí, bẹ́líìtì á bọ́ sípò, nọ́ọ̀tì á dẹ̀, àwo á sì máa jẹ eyín kiráńkì. Ẹ má fi sukudiráfà há abẹ̀bẹ̀ variator kí ẹ lè dì í, etí rẹ̀ á kán. Ẹ má sì fi gíríìsì sí ojú ọ̀nà rólà bí ìwé ò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀: yóò ta sí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì á sì máa yọ̀.