Àgbàdo Wà, Asẹ́ Ni Kò Sí

Ní Tankẹ́ n'Ílọrin níbí, ẹni tó bá fẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣojú rere sí òun, òru ni kó dúró dè. Ìdí nìyẹn tí aago méjì òru fi bá mi nídìí láptọ́ọ̀pù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí àbúrò mi, ọmọ àǹtí mi tó ti Òmù-Àrán wá, jókòó tì mí. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí kaṣú, olùkọ́ rẹ̀ sì fẹ́ máàpù tó fi ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara hàn. R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, la fi ń ṣe é. Pákéèjì, ìyẹn àfikún irinṣẹ́ fún R, tó ń jẹ́ sf ló mọ máàpù kà. Mo tẹ install.packages("sf"), mo dìde lọ po gààrí.

Kí n tó padà dé, lẹ́tà pupa ti kún ojú ẹ̀rọ, ìlà tó kẹ́yìn sì ń sọ pé "non-zero exit status". Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, ó ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Gbólóhùn "non-zero exit status" yẹn ti fojú mi rí màbo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yọ R kúrò tí mo tún ń gbé e padà sórí ẹ̀rọ. Ẹni tó wá túfọ̀ lásán ni. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó pa olóògbé, kò mọ̀. Ẹ gòkè. Ẹ máa lọ títí ẹ ó fi kan ibi tí "ERROR" ti kọ́kọ́ jáde. Lóru ọjọ́ yẹn, sf kọ́ ló ṣẹ̀. Ó ń dúró de pákéèjì míì tó ń jẹ́ units, units náà sì ń wá ohun èlò kan tó ń jẹ́ libudunits2 kiri orí ẹ̀rọ mi, kò rí i.

Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ni mò ń lò dípò Windows, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wá. Ẹni tó ń lo Windows, ẹ̀kọ tí wọ́n ti pọ́n sínú ewé ni CRAN, ilé ìṣúra tí R ti ń kó pákéèjì, máa ń gbé fún un. Kó ṣáà tú u jẹ. Àgbàdo, ìyẹn kóòdù tútù tí ẹ̀rọ mi máa sè fúnra rẹ̀, ni wọ́n wọ̀n fún èmi: kí n rẹ ẹ́, kí n lọ̀ ọ́, kí n sẹ́ ẹ. Àgbàdo wà, ọlọ wà, asẹ́, ìyẹn libudunits2, ni kò sí. R kì í sì í bá èèyàn ra asẹ́. Mo jáde kúrò nínú R, mo ṣí tẹ́mínà, ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, mo lọ wá asẹ́ fúnra mi:

sudo apt install libudunits2-dev libgdal-dev libgeos-dev libproj-dev

Ẹ má gbàgbé "-dev" ìdí orúkọ wọn yẹn o. Ó ti jẹ mí níyà rí.

Ó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. sf bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó dé ìdajì, ó dúró: "Timeout of 60 seconds was reached". Ìṣẹ́jú kan péré ni R fi ń dúró de fáìlì, bí ẹni pé Auckland ní New Zealand tí wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Mo kọ options(timeout = 1000), ó rọlẹ̀.

Ó wá ń lọ àgbàdo rẹ̀ lọ́wọ́, fáànù láptọ́ọ̀pù ń ké bí ọmọ titun, ni wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tí iná máa padà dé, ládàánì ti ń pe ìrun àsùbáà. Mo tún un tẹ̀, R kọ̀ jálẹ̀, ó ní fódà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ 00LOCK-sf. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí bó bá ń gbé pákéèjì wọlé, kí ẹlòmíì má baà wọlé wá da iṣẹ́ rú. Iná lọ, kò ráyè ṣí i. Mo pa fódà náà rẹ́, ó parí.

Máàpù jáde. Ọ̀ffà kéré bí èèrùn létí Kaiama.

Àbúrò mi fa láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ yọ nínú báàgì, Windows ni, ó tẹ install.packages("sf") kan náà. Kò pé ìṣẹ́jú méjì.

"Bọ̀dá, kí la wá ń ṣe láti òru?"

Mo ní kó lọ ra wàrà wá.