Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Bátìrì Ọkọ̀ Kékeré Tó Ti Gbó

Bí ọkọ̀ kékeré tó ti gbó bá kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ fi mítà tó ń ka volt iná wọn bátìrì lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú. Bó bá wà ní volt 12.6, ó kún, 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì: ó yẹ kó gòkè sí 13.8 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, ẹ wo bẹ́líìtì alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, ná.

Èyí tó ń tan mẹkáníìkì pàápàá jẹ ni wáyà earth, ìyẹn wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Inú ni ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́, níbi tójú ò tó. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, èkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan wá máa sítáàtì rẹ̀. Bó bá ju volt 0.5 lọ, wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù, ẹ tú ìdí wáyà náà, ẹ fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi dán, kí ẹ tó dè é padà pinpin.

Ti ooru ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bó bá ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan, fáànù ni kẹ́ ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ lórí eré, ó lè jẹ́ pé rádíétọ̀ ti dí. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná o.