Alájọ Ló Kọ́ Mi Níṣẹ́ Báńkì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sí mákẹ́tìnì ní báńkì, ẹ kú oríire. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti ọdún 2007. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ìgbà yẹn, ní kí owó ìdókòwò báńkì kọ̀ọ̀kan má dín ní bílíọ̀nù 25 náírà. Báńkì 89 ti di 25, gbogbo wọn sì ń lé owó kiri. Àwa ọmọ tí ò mọ ojú ọjà ni wọ́n tú sígboro.

Mílíọ̀nù 50 náírà ni tágẹ́ẹ̀tì mi, iye owó oníbàárà tí mo gbọ́dọ̀ kó wọlé. Ọmọ tíṣà ni mí o. Nínú gbogbo ẹbí wa, ta ló ní mílíọ̀nù márùn-ún?

Àárọ̀ Mọ́ńdè ló burú jù. Máníjà wa á ní kí kálukú dìde, kó ka iye tó kó wọlé sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ka òdo, ìdúró ló máa wà títí ìpàdé á fi tán. Mo rí bàbá ọlọ́mọ méjì tó ń fi èékánná họ etí tábìlì bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ní kó dúró. Ìtìjú yẹn ò mú kọ́bọ̀ wọlé. Irọ́ ló kọ́ wa. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ olówó á bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí owó rẹ̀ wá sùn lọ́dọ̀ wa ní ìparí oṣù. Tílẹ̀ bá mọ́, owó ti lọ. Àwọn mìíràn ń fi owó oṣù ara wọn ṣí àkáǹtì fún àjèjì. Ẹ má dán èyí wò láé.

Tèmi tún burú jùyẹn lọ. Ìyá kan ń ta léèsì ní Balógun, "ọmọ báńkì mi" ló ń pè mí. Nígbà tí oṣù ń parí lọ, mo ní kó fi mílíọ̀nù mẹ́ta sí fíìsì 90 ọjọ́, owó tí wọ́n ń tì pa títí ọjọ́ á fi pé.

"Tí ọjà mi bá dé ńkọ́?"

"Mọ́mì, ìgbà tó bá wù yín lẹ ó gbà á."

Ọjà dé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ gba owó òun. Máníjà mi gbé ìwé náà sábẹ́ fáìlì kí oṣù lè parí ná, kí owó sì tó jáde, ẹni tó kó ọjà wá ti ta léèsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò pariwo. Ó jókòó sí báńkì, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó ní: "O ò sọ báyìí fún mi."

Alájọ kan wà ní ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí mo máa ń fojú kéré. Káàdì àti bírò ni gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń gba 200, ó ń gba 500, owó ọjọ́ kan lóṣù sì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ owó òun, á kà á lé e lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé òun gan-an ni mákẹ́tà. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi oníṣòwò léèrè ìgbà tí ọjà rẹ̀ máa ń dé, kí n tó dárúkọ báńkì rárá. Mo kó bí ogójì wọn jọ, owó wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wọlé.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Fúráìdeè, Sanusi, tó gba ipò gómìnà CBN lẹ́yìn Soludo, yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún, nítorí gbèsè tí wọn ò rí gbà padà. (Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn yẹn dìde dúró ní Mọ́ńdè!) Tiwa ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olówó ńlá wa ń kó owó jáde. Mo rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ohun tí mo mọ̀, mo sì sọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ogójì ni ò kó owó wọn.

Ẹ ka ìwé ìgbàsíṣẹ́ yín: ṣé báńkì ló gbà yín ni, àbí iléeṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ fún un? Ẹ wo owó ìfẹ̀yìntì yín, bóyá ìdá 8 tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín àti ìdá 10 tiwọn ń wọlé. Tí máníjà bá fẹnu sọ ohun tí kò tọ́, ẹ fi ímeèlì bi í padà: "Ọ̀gá, ṣé báyìí lẹ ní kí n ṣe é?" Wàhálà púpọ̀ ló kú síbẹ̀.

Lọ́dún 2010 tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ dágbére fún ìyá oníléèsì. Orúkọ mi ló fi pè mí. Mo ra yáàdì márùn-ún, kò dín kọ́bọ̀.