Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń darí ẹgbẹ́ géèmù

Ẹ̀yin èèyàn mi tá a jọ ń fà á nídìí ìdíje géèmù ní Nàìjíríà, ẹ ti gbọ́ pé ikọ̀ wa ò lọ sí ìdíje nílẹ̀ òkèèrè mọ́. Òótọ́ ni, wọn ò fún àwọn ọmọ náà ní físà. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo kọ́ báyìí tó ṣì ń dùn mí.

Orí fóònù làwọn ọmọ márùn-ún yìí ti ń gbá Call of Duty: Mobile. Ẹ mọ bó ṣe ń rí, dátà òru ni wọ́n ń rà torí ọ̀sán ti wọ́n jù, pàápàá látìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó dátà ní 2025. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà, tún jìnnà sí wa, ẹni tó wà ní Yúróòpù á ti yìnbọn, tiwa ṣì wà lọ́nà. Síbẹ̀ wọ́n na gbogbo ẹni tó yẹ kí wọ́n nà, wọ́n sì gba àyè láti lọ.

Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí la dúró sí lọ́jọ́ tá a gba páásípọ́ọ̀tù. Kálukú ya àpò ìwé tiẹ̀. Wọn ò fún ẹni àkọ́kọ́, wọn ò fún ìkejì, ohun kan náà ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn, pé kò dá àwọn lójú pé wọ́n máa padà sílé. Èyí tó kéré jù nínú wọn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá mi? Wọ́n ti sọ fún gbogbo ọjà Gbági pé mò ń lọ ṣojú Nàìjíríà." Mi ò rí èsì fún un. Màmá yẹn kan náà ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ rí nítorí géèmù o, èmi ni mo lọ bẹ̀ wọ́n, mo fi fídíò ìdíje Éṣíà ti Hangzhou ní 2023 hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti fi wúrà kọ́ àwọn tó ń gbá géèmù lọ́rùn bíi tàwọn tó ń sáré. Wọ́n gbàdúrà fún wa lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àwọn kan wá ń sọ kiri pé mo kó owó jẹ. Wọn kì í dá owó físà padà, ẹ lọ bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ẹni tó jókòó sí ẹ́ḿbásì ṣe rí i: ọmọ tí ò tíì gbéyàwó, kò ní lẹ́tà iṣẹ́, owó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àkáǹtì ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà tiwa dáa, àmọ́ lẹ́tà ẹgbẹ́ lásán ni. Ìjọba ló ń kọ ti àwọn tó ń ja ẹ̀ṣẹ́. Torí náà kẹ́ ẹ tó rán jẹ́sì, ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ National Sports Commission, àwọn ló gba iṣẹ́ mínísírì eré ìdárayá láti 2024, ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu sítáǹpù sí ẹ̀dà tiyín.

Ẹ máa san nǹkan fáwọn ọmọ lóṣooṣù, ì báà kéré, gba báǹkì, kì í ṣe lọ́wọ́ sọ́wọ́, kí sítétímẹ́ǹtì lè rí nǹkan sọ. Èyí tó bá wà nílé ìwé, kó gba lẹ́tà tó sọ ọjọ́ ìwọlé.

Àwọn tó ń sọ pé ká kúrò l'Ékòó ká lọ dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, mo gbà fún wọn, a ti ń ṣe é. Àmọ́ ẹ̀ka ogún tí ò ní ìwé, ibi tá a dúró sí lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n máa dúró sí.

Èyí tó tún yé mi jù: ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí Kútọnu, Lómè, Àkúrà, a ò nílò físà níbẹ̀, kí wọ́n gbá kí wọ́n sì padà, kí sítáǹpù jíjáde àti wíwọlé wà nínú páásípọ́ọ̀tù. A ti lọ sí Kútọnu lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n borí, gbogbo wọn sì padà wálé. Owó oṣù ti ń wọlé fún wọn náà.

Lẹ́tà tá a kọ sí Abuja wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí bá a ṣe tò ó, kó bèèrè, màá fi ránṣẹ́.