Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Háàdì Dísìkì Inú Rẹkọ́dà Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, màmá kan tí ń tajà ní Òkè-Ajé gbé rẹkọ́dà tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ kan (ẹ̀rọ tí ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀) tí kò tàn mọ́ wá bá mi, ó ní kí n yọ ohun tó bá ṣì wúlò nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọmọ òun. Mo tú u, mo bá háàdì dísìkì 500GB nínú rẹ̀. Nígbà tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, Windows ní n kò lè lò ó àfi bí mo bá fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ bí èyí tó ṣófo, mo sì gbà á gbọ́. Ọjọ́ kẹta ni màmá padà wá: “Ọmọ mi, fídíò ìsìnkú ìyá mi tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

Dísìkì náà kò ṣófo rárá. Púpọ̀ nínú àwọn rẹkọ́dà wọ̀nyí ń fi Linux ṣiṣẹ́, ètò tí ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, wọ́n sì ń to fáìlì wọn ní ìlànà ext3 tàbí XFS, èyí tí Windows kì í dá kà. Àwọn mìíràn, bíi TiVo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tilẹ̀ ní ìlànà tiwọn lọ́tọ̀. Ohun tí kò yé Windows ni ó ń pè ní òfìfo. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi fíláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, kí n lè yẹ dísìkì wò láìkọ ohunkóhun sí i, n óò sì tún bi oníǹkan léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ti dikódà àsanwó, ẹ má ṣe ṣèlérí, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti àwọn ètò náà pa sábà máa ń wà nínú dikódà fúnra rẹ̀. Fáìlì lè hàn kí ó má ṣeé wò.

Ẹ má sì fi ojú lásán díwọ̀n ọjọ́ orí dísìkì. Ọ̀pọ̀ rẹkọ́dà ń gba ètò sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, kí onílé lè dá eré dúró nígbà tó bá wù ú. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Mo ti fi CrystalDiskInfo, ètò kọ̀ǹpútà tí ń sọ bí ara dísìkì ṣe le sí, yẹ èyí tí ara rẹ̀ ń dán wò, tí mo bá a pé ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí tó lé ní 40,000. Bí ẹ bá rí i pé iye tó wà níwájú Current Pending Sector (àwọn ibi tí dísìkì kò rí kà dáadáa) kì í ṣe òdo, ẹ má ṣe kó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sí i. (Mo ti pe èyí tó dára ní òkú rí: wáyà USB lásán ni mo fi so ó, bẹ́ẹ̀ 12V ni dísìkì tí wọ́n ń pè ní oníǹṣì 3.5 ń béèrè, 5V sì ni USB ń fún un.)

Fídíò ni wọ́n ṣe irú dísìkì yìí fún. Púpọ̀ nínú wọn ń yí nígbà 5,400 sí 5,900 ní ìṣẹ́jú kan, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í gbóná púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Windows sórí wọn, ẹ óò jókòó dúró kí ó tó tàn. Ayàwòrán kan ní àdúgbò wa ni mo fi méjì ṣe ibi ìkó-nǹkan-sí fún, ibẹ̀ ló ń kó fídíò Ojúde Ọba sí, àwọn ẹlẹ́ṣin àti gbogbo rẹgbẹ́rẹgbẹ́. Ohun kan náà ló wà lórí méjèèjì, kí ọ̀kan má baà kú tòun ti iṣẹ́ ọdún kan.

Ní ti màmá, mo ti fi Windows sórí dísìkì rẹ̀ kí ó tó béèrè. Mo fi PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tí ń wá fáìlì tó ti sọnù, wá fídíò náà ní òru mọ́jú, ohun tí mo sì rí gbà padà kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ: ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ.